Mo délé, n ò lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀: kí ló wà nínú ìtàn orí rédíò?

Ọmọ Ìsẹ́yìn (Ṣikágò)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe níbí, òru ni wọ́n sì sábà máa ń fún mi. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, rédíò ọkọ̀ mi wà lórí 91.5, ìyẹn WBEZ, mo sì bá ètò This American Life lórí afẹ́fẹ́. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ń sọ ohun tójú rẹ̀ rí ní ìlú tí mi ò dé rí. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé, mo páàkì, mo pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò lè pa rédíò. Òtútù ń mú mi, ebi ń pa mí, oorun ń kùn mí, mo jókòó. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó pè mí lórí fóònù: “Ṣé kò sí o?” Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀, kí ẹni yìí parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo wá gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ rédíò níbí mọ̀ pé ó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ fún un, driveway moment ni wọ́n ń pè é. Ètò yẹn ti wà láti November 1995, Ira Glass ló dá a sílẹ̀ níbí ní Ṣikágò. Ó máa ń ṣàlàyé pé ohun méjì ló ń gbé ìtàn orí rédíò ró: kí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, kí etí lè máa béèrè pé “lẹ́yìn náà ńkọ́?”, kí asọ̀tàn sì dúró níbì kan, kó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà já sí fún òun.

Ìbéèrè mi nìyí. Tẹlifíṣọ̀n ní àwòrán. Fóònù ní ohun gbogbo. Ohùn nìkan ni rédíò ní. Kí ló wà nínú ohùn yìí tó fi lè so àgbàlagbà mọ́ àga ọkọ̀? Ṣé àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa nílé ṣì ń pa ààlọ́? Nígbà tí mo wà ní kékeré, alẹ́ la máa ń gbọ́ ọ, a ó sùn yí rédíò ká lórí ẹní.

Adúláwọ̀99

Ó máa ń ṣe èmi náà. Mo ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ nítorí rẹ̀ rí. Mo jókòó síbí, mò ń ka ọ̀rọ̀ yín.

Bàbá Sítúdíò (Ìbàdàn)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ òru. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo lò nídìí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan nílẹ̀ wa níhìn-ín. Ààlọ́ tó gba ọwọ́ mi kọjá kò lóǹkà. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ.

Rédíò tó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní 1939, àpótí ni, wọ́n ń gbé e kọ́ ara ògiri, wáyà ni wọ́n fi ń fa ohùn wọ inú rẹ̀. Rediffusion ni òyìnbó ń pè é. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè tàbí tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ló ní. Kò sí pé o fẹ́ yí i sí ibòmíràn. Oṣooṣù ni onílé ń san owó rẹ̀. Àwọn bàbá wa wò ó títí: ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, a dá a lóhùn, kò gbọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ yẹn bá ìròyìn mu. Ó bá ìkéde gómìnà mu. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni wàhálà wa nídìí ààlọ́, nítorí ààlọ́ kò ṣeé pa fún ẹni tí kò dáhùn.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, wọ́n mú ìyá arúgbó kan wá láti abúlé. Gbogbo àdúgbò rẹ̀ ló jẹ́rìí pé bí Màmá bá ń pa ààlọ́, ọmọdé kì í sùn. A fi wọ́n jókòó síwájú máìkì, a ti ilẹ̀kùn, iná pupa tàn. Màmá ní, “Ààlọ́ o!” Kò sẹ́ni tó dáhùn, nítorí wọ́n ti kọ́ wa pé bí iná pupa bá ti tàn, a ò gbọdọ̀ mí. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n tún ní, “Ààlọ́ o!” Mo fọwọ́ ṣe àmì sí wọn láti ẹ̀yìn gíláàsì pé kí wọ́n máa bá a lọ. Màmá ní, “Ta ni n ó máa bá lọ?”

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ọ̀gá wa ránṣẹ́ síta. Wọ́n kó ọmọ márùn-ún wọlé: méjì ń kiri ẹ̀pà, mẹ́ta jẹ́ ọmọ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ wa. A tẹ́ ẹní fún wọn síbi ẹsẹ̀ Màmá. Màmá ní “Ààlọ́ o!”, wọ́n ní “Ààlọ̀!”, ojú Màmá sì tàn. Wọ́n dá orin, àwọn ọmọ gbè é. Wọ́n béèrè ohun tí Ìjàpá fẹ́ ṣe, àwọn ọmọ já lù ú pẹ̀lú ariwo. Ààlọ́ mẹ́ta ni Màmá pa láìmu omi. Láti ọjọ́ náà, a kò tún gba ohùn apààlọ́ kankan sílẹ̀ láìsí ọmọdé lórí ẹní.

Nígbà tí a gbé e sáfẹ́fẹ́, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń wí: àwọn ọmọ ilé wa ń gbè pẹ̀lú àwọn ọmọ inú rédíò. Ọmọ mi, ìdáhùn mi sí ọ nìyẹn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ létí rẹ nínú ọkọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ọ láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìwọ náà sì ń dá a lóhùn nínú ikùn rẹ láìmọ̀. Bí o bá dìde, o ti já a kulẹ̀.

Màmá Peckham

Bàbá, ẹ ṣeun o. “Ta ni n ó máa bá lọ?” Omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo gbádùn ìtàn Màmá yẹn gan-an. Àmọ́ ẹ má bínú, ibì kan wà tí mi ò bá yín lọ. Mi ò ní rédíò nílé, fóònù ni mo fi ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Àwọn tó ń ṣe This American Life yẹn kan náà ló gbé Serial, ìtàn òótọ́ kan tí wọ́n ń sọ ní apá-apá, jáde ní 2014, orí fóònù ló sì ti tàn kálẹ̀, kì í ṣe orí rédíò. Ìtàn ló dùn, kì í ṣe àpótí tí wọ́n fi gbé e wá. Bí rédíò bá kógbá sílé lọ́la, ìtàn á wá ibòmíràn gbé. Lórí YouTube pàápàá, èèyàn lè kọ èsì sábẹ́ rẹ̀, asọ̀tàn á kà á. Ṣé ìyẹn kọ́ ni gbígba èsì?

Ọmọ Ìsẹ́yìn (Ṣikágò)

Àbúrò, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Èmi náà ń fi fóònù gbọ́. Ṣùgbọ́n wo ohun tí mo kíyè sí. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni, mo lè dá a dúró, kí n lọ jẹun, kí n padà wá lọ́la. Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bí mo bá fi lè sọ̀ kalẹ̀, ìtàn náà ti kọjá lọ nìyẹn. Ìdí tí mo fi jókòó nìyẹn.

Ohun kejì: èmi kọ́ ni mo yan ìtàn yẹn. Ká ní wọ́n kọ àkọlé rẹ̀ sórí fóònù fún mi, mi ò ní tẹ̀ ẹ́, mi ò rí ohun tó kàn mí níbẹ̀. Fóònù mi ti mọ ohun tí mo fẹ́ràn, òun náà ló ń gbé wá lójoojúmọ́. Rédíò kò mọ̀ mí. Ó gbé àlejò wá sínú ọkọ̀ mi, kí n tó mọ̀, mo ti ń báwọn kẹ́dùn.

Ọmọ Yábàá

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà ti ìkejì yẹn. Ti àkọ́kọ́, mò ń rò ó.

Màmá Peckham

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ fífọ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jáde nílé. Mi ò ní ọ̀rẹ́ kan. Òyìnbó tí mò ń bá ṣiṣẹ́, “good morning” ni wọ́n mọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rédíò kékeré kan wà ní kíṣìnnì ilé tí mo yá, orí Radio 4 ti BBC ni ẹni tó lò ó ṣáájú mi fi sílẹ̀. Mi ò yí i.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ òyìnbó. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní The Archers, ìtàn àwọn àgbẹ̀ ní abúlé kan, láti ọjọ́ kìíní oṣù January 1951 ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbọ́ ọ, ó sì ń lọ títí dòní. Lẹ́yìn ogun, oúnjẹ wọ́n lọ́dọ̀ wọn, ìjọba ń wá bí wọ́n á ṣe kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà tuntun láti mú ire oko pọ̀ sí i, wọ́n wá fi ìmọ̀ràn náà sínú ìtàn. Ọgbọ́n tó dára gan-an ni, lójú tèmi. Bóo bá sọ fún àgbẹ̀ pé kó ṣe báyìí, kò ní gbọ́. Bí aládùúgbò rẹ̀ inú rédíò bá ṣe é, tó sì rí èrè rẹ̀, á gbọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni The Listening Project, tí BBC bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Èèyàn méjì tó mọ ara wọn ni, tọkọtaya, ìyá àtọmọ, ọ̀rẹ́ méjì, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ ohun tí wọn ò tíì sọ fún ara wọn rí. Wọ́n kó ohùn wọn pa mọ́ sí British Library, ilé ìkàwé ńlá wọn. Mo ń gbọ́ bí ìyá òyìnbó ṣe ń bẹ ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní háà, àwọn náà ń ṣe báyìí! Láti ọjọ́ yẹn, mi ò bẹ̀rù wọn mọ́. Bí mo bá pàdé wọn ní ọ́fíìsì, mo mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́yìn “good morning” yẹn. Kò sí àwòrán tó lè ṣe ìyẹn fún mi, nítorí bí mo bá rí ojú wọn, àwọ̀ wọn ni n ó kọ́kọ́ rí.

Olùkọ́ Èdè (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Màmá Peckham, gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn, mo máa mú un lọ sí kíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ díẹ̀. Ìtàn kì í ṣe ààlọ́. Ìtàn ni ohun tó ṣẹlẹ̀, ààlọ́ ni ohun tí a dá. Ohun tí Ọmọ Ìsẹ́yìn gbọ́ nínú ọkọ̀, ìtàn ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sọ ọ́ lọ́sàn-án gangan. Ààlọ́, alẹ́ ló ni ín, iṣẹ́ oko gbọ́dọ̀ ti parí.

Àmọ́ níbi tí Bàbá Sítúdíò fọwọ́ kàn yẹn, ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Ẹ wo The Moth, ẹgbẹ́ tó ń mú èèyàn wá sọ ìtàn lórí ìtàgé. George Dawes Green, ọkùnrin kan láti ìpínlẹ̀ Georgia, ló dá a sílẹ̀ ní New York ní 1997. Nígbà tó wà ní Georgia, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, wọ́n á máa sọ ìtàn fún ara wọn, àfòpiná á sì gba ihò ara nẹ́ẹ̀tì wọlé wá yí iná ká. Àfòpiná náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá gun orí ìtàgé wọn kò gbọdọ̀ mú ìwé dání. Ìtàn ara rẹ̀ ni kó sọ, kó sì jẹ́ òótọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé orí rédíò ní 2009, wọn kò ti asọ̀tàn mọ́ yàrá. Bí wọ́n ṣe gba ohùn rẹ̀ ni wọ́n gba ti èrò inú gbọ̀ngàn. Bóo bá ń gbọ́ ọ, wàá gbọ́ ẹ̀rín, wàá gbọ́ ibi tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, wàá gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀. Ọmọ márùn-ún orí ẹní nìyẹn. Èrò tèmi ni pé àwọn ló jẹ́ kí ẹni tó dá wà nínú ọkọ̀ rò pé òun wà láàárín àwùjọ. Ẹni tó kọ èsì sábẹ́ YouTube, ó ti gbọ́ tán kó tó kọ ọ́. Elégbè kì í dúró dìgbà tí orin bá parí.

Ọmọ Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún, tí tiwa jẹ́ irọ́ nípa Ìjàpá, báwo la ṣe lè fi wọ́n wéra?

Olùkọ́ Èdè (Ọ̀yọ́)

Ta ló sọ fún ọ pé irọ́ ni? Báwo ni apààlọ́ ṣe ń parí? Á ní bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má ròó, àmọ́ bí òun kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta. Á wá fi ìka lu ẹ̀rẹ̀kẹ́: pó, pó, pó. Ìbúra nìyẹn. Kò búra pé Ìjàpá fọhùn. Ó búra pé bí òun ṣe gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú ni òun ṣe fi lé yín lọ́wọ́. Ẹni tó gun orí ìtàgé The Moth ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Apààlọ́ ń jẹ́rìí àwọn tó ti kú. Ojúṣe méjèèjì wúwo.

Ará Houston

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba owó. Ìtàn tó gba ogún ìṣẹ́jú kò lè wà lórí rédíò tí ìpolówó ń já lù ú ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Ìdí tí irú ètò báyìí fi ń gbé orí rédíò ará ìlú níbí nìyẹn. Àwọn olùgbọ́ ló ń dáwó jọ láti gbé e ró. Ẹni tí kò dá kọ́bọ̀ náà ń gbọ́, kò sẹ́ni tó máa tì í síta. Láti 1967 ni ìjọba àpapọ̀ tún ti dá àjọ kan sílẹ̀, Corporation for Public Broadcasting, tó ń pín owó fún àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Ní July 2025, àwọn aṣòfin gba bílíọ̀nù 1.1 dọ́là padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní August, àjọ náà kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá bíi ti Ṣikágò lè rí olówó ràn án lọ́wọ́. Ti àwọn ìlú kéékèèké tó wà nínú oko ló ń bà mí lẹ́rù, níbi tó jẹ́ pé owó yẹn ló gbé ohun tó pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn.

Inú mi ò dùn sí i rárá.

Bàbá Sítúdíò (Ìbàdàn)

Ará Houston, mo mọ bó ṣe ń rí. Ti ọ̀dọ̀ wa kò ti ilé aṣòfin wá. Díẹ̀díẹ̀ ló dé. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ máa pawó wọlé fúnra rẹ̀. Wákàtí alẹ́, tí àwọn ọmọ ti jẹun tán, òun ni olówó pọ̀ sí jù. Ẹni tó ń ta àgbo jẹ̀dí rà á. Ẹni tó ń ṣe ìsọjí rà á. Ààlọ́ sún sí ọ̀sán Sunday, ó sún sí ìdájí, nígbà tó yá, a ò rí i mọ́. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣèpàdé pé kí ààlọ́ kú.

Téèpù náà wọ́n nígbà náà. Ọdún tí ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, mo lọ wá téèpù Màmá nínú yàrá ìkópamọ́. Mo rí páálí rẹ̀, orúkọ wọn ṣì wà lára rẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Mo fi í sẹ́rọ. Ìpolówó ọṣẹ ló jáde. Ẹnì kan ti gba ohùn mìíràn lé Màmá lórí. Mo jẹ́ kó máa yí lọ, n kò lè pa á. Nígbà tí ìpolówó tán, ìwọ̀nba díẹ̀ ṣẹ́ kù níparí téèpù tí ohùn ọṣẹ kò dé: àwọn ọmọ márùn-ún yẹn ló ń gbe orin, bóyá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ohùn Màmá kò sí níbẹ̀. Àwọn elégbè nìkan.

Màmá Peckham

Ah, Bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Adúláwọ̀99

Mo ní bàbá àgbà kan tó mọ ààlọ́ gan-an. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́ Èdè (Ọ̀yọ́)

Lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ yìí. Mú ọmọdé dání.

Ọmọ Ìsẹ́yìn (Ṣikágò)

Ẹ dákun, mo pẹ́ kí n tó padà síbí. Ọ̀rọ̀ Bàbá Sítúdíò kò jẹ́ kí n sùn, mo sì ṣe nǹkan kan.

Ètò kan wà níbí, StoryCorps. Dave Isay ló dá a sílẹ̀. Ní October 2003 wọ́n gbé yàrá kékeré kan kalẹ̀ sínú ibùdó ọkọ̀ ojú irin Grand Central ní New York. Èèyàn méjì ló ń wọ ibẹ̀, ọ̀kan ń béèrè, ìkejì ń sọ̀rọ̀, ogójì ìṣẹ́jú. Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ níbí, ni wọ́n ń kó o pa mọ́ sí, wọ́n sì máa ń fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí NPR, ìyẹn rédíò ará ìlú, láàárọ̀ Friday. Mo ní èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìyá mi. Mo pè wọ́n ní Ìsẹ́yìn lórí fóònù, mo fi ẹ̀rọ kejì gba ohùn sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe kọ́ aṣọ òkè híhun lọ́dọ̀ bàbá wọn, nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé ọkùnrin ló ni òfì.

Mo fẹ́ kí ohùn wọn mọ́ dáadáa, torí náà mo dákẹ́, mi ò jẹ́ kí ẹnu mi ró rárá. Màmá sọ gbólóhùn kan, wọ́n ní, “Ṣé o ń gbọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n sọ méjì sí i, wọ́n ní, “Haló? Ṣé fóònù ti já ni?” Báyìí la ṣe ń lọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, ọ̀rọ̀ náà ń já, ó ń já. Ìgbà náà ni mo rántí iná pupa Bàbá Sítúdíò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. “Hùn-ún.” “Ẹn-ẹ́n.” “Kí ni bàbá wá wí?” Màmá kò béèrè mọ́ bóyá mò ń gbọ́. Wọ́n sọ ọ́ dé ibi tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, wọ́n tilẹ̀ dá orin tí bàbá wọn máa ń kọ nídìí òfì. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni gbogbo rẹ̀.

Bàbá, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ohùn mi pọ̀ jù nínú rẹ̀, “hùn-ún” yìí wà níbi gbogbo, ó bo ọ̀rọ̀ Màmá mọ́lẹ̀ níbòmíràn. Ṣé ẹ lè bá mi yọ ọ́ kúrò?

Bàbá Sítúdíò (Ìbàdàn)

Fi ránṣẹ́ sí mi, ọmọ mi. Ariwo ọkọ̀ ni n ó bá ọ dín kù, bó bá wà níbẹ̀. “Hùn-ún” yẹn, n kò ní fọwọ́ kàn án.